Àwọn Méje Ti Ihò Kejì

Apá ọ̀tún Gwangsok ti há sẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń mú ilẹ̀ ilé gbóná. Omi ń kán sí i létí, ó sì ń fi ọwọ́ òsì wá sípánà kiri ilẹ̀. Obìnrin tó ni ilé ló bá a gbé e.

"Ṣé èyí lẹ ń wá?"

"Òun ni. Ẹ ṣeun."

"Ṣé kí n bá yín fa apá yẹn ni?"

"Ẹ má fà á o. Ẹ bá mi gbá páìpù yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbá a dáadáa."

Obìnrin náà gbá a. Apá jáde, awọ ìgúnpá sì bó díẹ̀. Gwangsok dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ìgbà yẹn ló rí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì kúkúrú. Àwòrán àtijọ́ kan ló wà lójú rẹ̀: ọkùnrin mẹ́jọ níwájú ihò èédú, ojú wọn dúdú, eyín wọn funfun.

"Ọmọ Gomsan lẹ jẹ́?" obìnrin náà bi í.

"Ibí ni wọ́n bí mi sí."

"Ẹ bá mi wo ọkùnrin tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí yìí. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń béèrè orúkọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé ojú òun ò ríran mọ́."

Gwangsok ò wò ó pẹ́.

"Bàbá mi ni."

 Obìnrin náà fi ìka kan ọkùnrin kejì láti apá òsì.

"Bàbá tèmi nìyí. Tak Inho. Inú ìyá mi ni mo ṣì wà nígbà tó kú. Àwòrán yìí nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Ó ní kó jókòó mu tíì. Ó jókòó. Ó mu ife kejì tán kó tó rántí pé ilé mìíràn ń retí òun.

Kò sí àgbà kan ní Gomsan tí kò mọ ìtàn àwọn méje náà. Nígbà ìwọ́wé ọdún 1974, òrùlé Ihò Kejì wó pa méje nínú àwọn mẹ́jọ inú àwòrán náà. Ilé iṣẹ́ èédú sọ pé ihò kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, pé ńṣe ni àwọn méje já àgádágodo lọ́jọ́ Àìkú láti jí èédú kó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní olè ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí iṣẹ́ èédú kógbá wọlé, ìlú gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún àwọn tó kú sínú ihò. Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Wọn ò gbẹ́ ti àwọn méje.

Yonhi ni orúkọ obìnrin tó ni ilé náà. Ìyá rẹ̀ gbé oyún rẹ̀ lọ sí Seoul, ó fẹ́ alàgbà ìjọ kan níbẹ̀. Ilé náà kì í gbé oúnjẹ ìrántí kalẹ̀ fún òkú lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Gomsan. Àdúrà ni wọ́n ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni Yonhi ṣe dàgbà. Nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ kú sí Gomsan, ilé ìyá náà kò ní ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ mọ́. Yonhi kó wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn tó ń tẹ̀wé yẹ àṣìkọ wò, ibi gbogbo ló sì ti lè ṣe é. Ó wá ṣí búlọ́ọ̀gì kan, ojú ewé lórí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ẹnikẹ́ni sì lè kọ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀. Ó pè é ní Ihò Kejì. Ohun gbogbo tó bá gbọ́ ló ń kọ síbẹ̀: orúkọ, àwòrán, ohun tí wọ́n ń dì lọ jẹ nínú ihò, ilé tí wọ́n wó àti ẹni tó gbé inú rẹ̀.

Gwangsok ka gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni ogójì ọdún ni, kò ní ìyàwó. Bàbá rẹ̀, tí eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ló ń tọ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e wọ ilé gbogbo ènìyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwòrán àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn arúgbó tí kò dá Yonhi lóhùn ń ṣí àpótí wọn fún un, torí pé òun ló ń mú ilẹ̀ ilé wọn gbóná. Ó ń fi bébà ìròyìn wé àwọn àwòrán náà, ó ń gbé wọn lọ fún Yonhi. Yonhi á yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, á sì dín àkàrà ọ̀dùnkún fún un kó tó lọ.

Opó mẹ́ta ló kù ní Gomsan nínú àwọn opó méje náà. Ìyá Àgbà Bong ló dàgbà jù, ògiri kan ni ilé rẹ̀ àti ti Yonhi jọ ní.

"Gwangsok!" ìyá náà ké sí i lọ́jọ́ kan láti ojú fèrèsé. "Kí ló ń ṣe ẹ̀rọ ilé yẹn gan-an? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lo ń wá wò ó. Ṣé ó ń tọ ilé ni?"

"Páìpù rẹ̀ ti gbó, Ìyá Àgbà."

"Ìwọ lo ti gbó. Ogójì ọdún! Sọ fún ọmọ yẹn kí n tó kú."

Ó sọ fún un nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí ẹnu ihò àtijọ́. Wọ́n lọ ya àwòrán níbẹ̀.

"Yonhi."

"Kí ló dé?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Ìyá Àgbà Bong ti sọ fún mi tipẹ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

Yonhi gbé kámẹ́rà kúrò lójú. "Ta ni o rò pé mo ń dín ọ̀dùnkún fún látọjọ́ yìí? Èmi fúnra mi ò fẹ́ràn ọ̀dùnkún."

Gwangsok rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Yonhi bẹ Gwangsok pé kó jẹ́ kí òun wá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá náà, Fọ́máànù Pyo, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ihò Kejì nígbà kan, ní èémí òun ò tó.

Ní ìwọ́wé ọdún 2009, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ gbé òkúta tuntun kalẹ̀. Àwọn opó mẹ́ta tọwọ́ bọ ìwé pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn méje sí i. Ìgbìmọ̀ fèsì pé tí wọ́n bá ní ẹ̀rí, kí wọ́n mú un wá kí oṣù kọkànlá tó parí, torí pé lẹ́yìn náà ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà ń ka búlọ́ọ̀gì Yonhi. Gbogbo Gomsan ló ń kà á nígbà yẹn, àti àwọn ọmọ Gomsan tó ti tú ká sí Seoul, Busan àti ẹ̀yìn odi.

Yonhi jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ tó máa dá ẹjọ́ náà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kú. Ó lọ bá àwọn opó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ọjọ́ wo lẹ ń gbé oúnjẹ ìrántí kalẹ̀? Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ni, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn. Òṣùpá ni àwọn àgbà fi ń ka ọjọ́ òkú, nítorí náà Yonhi yí i sí ti kàlẹ́ńdà ìjọba. Ó bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1974. Ẹnu mẹ́ta, ọjọ́ kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ dùn. Ó kọ ọ́, ó sì fi síta. Kò wo orúkọ ọjọ́ tó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹnì kan bá a wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Akọ̀wé Àtijọ́ kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ ṣeun, Òǹkọ̀wé. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà. Ohun tí ilé iṣẹ́ ti ń sọ láti ọdún márùndínlógójì náà nìyẹn. A ti wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn opó fúnra wọn báyìí."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, igba ènìyàn ti kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀kan ní, "Tí ẹ bá ń gbẹ́ orúkọ wọn, ẹ rántí gbẹ́ àgádágodo tó já sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Òmíràn ní, "Ọmọ olè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú bàbá rẹ̀." Ìgbìmọ̀ ìlú fi ìwé ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

Nígbà tí Gwangsok dé ilé Yonhi, Yonhi jókòó sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, kò tan iná.

"Màá tì í pa," ó ní. "Màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

"Má ì pa á rẹ́."

"Kí ni n óò tún máa kọ? Mo wá síbí láti fọ orúkọ bàbá mi. Èmi náà ni mo wá fi èdìdì dì í pé olè ni."

"Ayanfẹ́ mi, má ì pa á rẹ́." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ wúwo lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìrántí ìyá Gwangsok bọ́ sí. Ó jókòó sílẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ bó èso kẹ́sínọ́ọ̀tì fún tábìlì oúnjẹ ìrántí. Bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, rọ́bà èémí wà ní imú rẹ̀.

"Ọ̀la ló pé ọdún mọ́kànlá tí ìyá rẹ kú," bàbá rẹ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Gwangsok. Ọ̀la ni ọjọ́ ikú ìyá òun. Òní ni òun ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bí gbogbo ilé tó ń ṣe é ṣe ń ṣe é nìyẹn: ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀, kí òkú lè bá a nílẹ̀ bí ọjọ́ ikú rẹ̀ bá ti ń wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ẹni náà kú. Ọjọ́ tó lò kẹ́yìn láyé ni. Kò sí ẹni tó kọ́ Yonhi, nítorí àdúrà ni wọ́n ń gbà nílé tiwọn.

Kì í ṣe ọjọ́ kẹtàlá. Ọjọ́ kẹrìnlá ni àwọn méje náà kú, ọjọ́ kejì ọjọ́ Àìkú.

Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ń wò ó.

"O ti ka ọjọ́ náà," bàbá rẹ̀ wí.

"Ọjọ́ Ajé ni."

"Ọjọ́ Ajé ni."

"Ta ló ṣí ihò, Bàbá?"

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà nígbà yẹn?"

Gwangsok gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹyọ kan ni, ó sì ti rí i nínú àwòrán, ní ìbàdí ẹni tó bí i.

Mihyang, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, dé láti Wonju ní ọ̀sán pẹ̀lú ẹja àti èso. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohun tó ń lọ. Ó fa àbúrò rẹ̀ jáde sẹ́yìnkùlé.

"Orí rẹ pé báyìí? Oṣù mélòó ló kù fún Bàbá? Jẹ́ kó kú ná. Tó bá ti kú, kọ ohun tó bá wù ọ́."

"Òkúta ò ní dúró, Ẹ̀gbọ́n. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá."

"Nítorí obìnrin lo fẹ́ gbé bàbá rẹ sórí ayélujára kí gbogbo ayé máa tutọ́ sí i?"

"Ká ní kò sí obìnrin, ṣé ọjọ́ Àìkú ló máa jẹ́?"

"Bàbá ló fi èédú yẹn tọ́ wa! Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló fi san án!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ń pààrọ̀ rọ́bà imú rẹ̀."

Mihyang sunkún.  Wọ́n wọlé, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ìyá wọn, wọ́n sì wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Gwangsok fi dákẹ́. Ó tún ẹ̀rọ mẹ́rin ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, ó sì ba ọ̀kan jẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé bí òun bá sọ ọ́, orúkọ bàbá Yonhi á mọ́, Yonhi á sì lọ. Bí òun kò bá sọ ọ́, Yonhi á dúró ti òun, á sì máa jẹ́ ọmọ olè títí ayé.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó mú Yonhi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Bong.

"Ìyá Àgbà," Gwangsok bi í, "lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ yẹn, ṣé ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ yín jáde lọ sínú ihò?"

"Ìbéèrè kí nìyẹn? Ọjọ́ tó jẹun lọ́wọ́ mi kẹ́yìn ni mo ń gbé e kalẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tó fi jáde. Mo di ìrẹsì fún un."

Ojú Yonhi yí padà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni? Ọjọ́ tí mo ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ lo bi mí. Ìwọ àti bírò rẹ yẹn!"

"Ìyá Àgbà, ọjọ́ Ajé ni! Ọjọ́ iṣẹ́ ni!"

"Kí ni mo mọ̀ nípa Àìkú àti Ajé nígbà yẹn? Ṣé mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Òṣùpá ni mo mọ̀. Mo sọ fún wọn pé òwúrọ̀ ló jáde, wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé."

Yonhi di ọwọ́ ìyá náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.  Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Gwangsok. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Ó ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

"Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà ihò," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá rẹ ló ní kọ́kọ́rọ́."

"Òun ni."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn."

"Ọjọ́ mẹ́ta." Ó tún un sọ bí ẹni ń wọn nǹkan. "O lè má sọ fún mi láéláé."

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀."

Ìyá Àgbà Bong dìde, ó ní omi òun ń hó lórí iná. Kò sí omi kankan lórí iná.

Bàbá Gwangsok ló ní kí Yonhi wá. Ó ní bí wọ́n bá kàn kọ ọ́ lásán, Akọ̀wé Àtijọ́ á ní irọ́ ni. Kí wọ́n gba ohùn òun àti ojú òun sílẹ̀. Ó ní kí Gwangsok bá òun wọ ẹ̀wù tó mọ́.

Yonhi dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó to kámẹ́rà sórí àpótí aṣọ.  Arúgbó náà wò ó lọ títí.

"Etí bàbá rẹ lo ní," ó ní.

"Ẹ máa wo kámẹ́rà, Bàbá."

Arúgbó náà wo kámẹ́rà. Ó ń sọ díẹ̀, ó ń mí.

"Orúkọ mi ni Pyo Chunsik. Èmi ni fọ́máànù Ihò Kejì. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1974, aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ihò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé òrùlé ò dára, kí n dúró de igi tí wọ́n máa fi tì í. Èédú oṣù yẹn ò tíì pé. Mo pe ọkùnrin méje pé kí wọ́n ṣíwájú àwọn yòókù."

Ó dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbàgbé ẹnì kankan. Nígbà tó kan Tak Inho, ó mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, òrùlé wálẹ̀. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ pe ọ̀gá. Ọ̀gá ní ká sọ pé ọjọ́ Àìkú ni. Èmi ni mo fi òòlù já àgádágodo náà. Èmi ni mo kọ ọjọ́ Àìkú sínú ìwé."

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí. Yonhi wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ó sì béèrè ohun tí Gwangsok ti ń bẹ̀rù.

"Nígbà tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, ṣé wọ́n ti kú?"

Arúgbó náà pa ojú dé, ó tún là á.

"Mi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mi ò dúró láti gbọ́."

Yonhi jẹ́ kí kámẹ́rà máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló pa á, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì jáde. Gwangsok sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Má sìn mí mọ́," Yonhi wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Yonhi fi fídíò náà síta, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan pé òun ṣi ọjọ́ kọ, àti bí òun ṣe ṣì í. Akọ̀wé Àtijọ́ pa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n gbé òkúta tuntun kalẹ̀, orúkọ àwọn méje wà lára rẹ̀. Àwọn opó mẹ́ta lọ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, wọ́n fọwọ́ pa orúkọ náà. Gwangsok dúró ní òkèèrè, lẹ́bàá ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é mọ́ra, kò sí ẹni tó lé e.

Yonhi ò pè é ní gbogbo ìgbà òtútù. Ìyá Yonhi ti gbọ́ ní Seoul, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Ìyá Àgbà Bong gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, ó sì sọ ọ́ fún Gwangsok láìfi nǹkan kan pa mọ́.

"Ìyá rẹ̀ ní, 'Ìyàwó ilé Pyo lo fẹ́ jẹ́? Lọ́dọọdún ni wàá máa dín ẹja fún ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá rẹ, tí wàá máa wólẹ̀ fún un. Ṣé ọwọ́ rẹ á gbé e?'"

"Kí ni Yonhi sọ?"

"Ó pa fóònù mọ́ ọn létí." Ìyá náà wo ojú rẹ̀. "Jẹun, ọmọ yìí. O ti gbẹ."

Fọ́máànù Pyo kú ní oṣù kejì. Ènìyàn díẹ̀ ló wá sí gbọ̀ngàn òkú. Mihyang jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán bàbá wọn nínú aṣọ dúdú, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wo àbúrò rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Ṣé o rí ohun tí o fi fún un? Àga òfìfo."

Ní ọjọ́ kẹta, ní kùtùkùtù, Yonhi wọlé. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wá síwájú àwòrán, ó dúró ṣánṣán. Gbogbo ẹni tó bá wá ló máa ń wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún òkú, kó tó wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Yonhi wo àwòrán náà bó ti wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà. Kò wólẹ̀. Ó yí ara rẹ̀ sí Gwangsok, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Gwangsok wólẹ̀ dá a lóhùn.

"Kò wólẹ̀ fún Bàbá," Mihyang wí wẹ́rẹ́.

"Mo rí i."

"O sì gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Yonhi jókòó sídìí tábìlì, ó jẹ ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n ń fún àlejò, ó jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí Gwangsok wá jókòó níwájú rẹ̀, Yonhi ti ife ọtí kékeré kan sí i.

"Mi ò ní gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un láéláé," ó ní. "Mi ò ní dín ohunkóhun, mi ò ní bó ohunkóhun. Má bẹ̀ mí. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí."

"Mi ò ní bẹ̀ ọ́. Èmi ni màá máa sè é."

"O ò mọ oúnjẹ í sè."

"Màá kọ́ ọ."

Yonhi sunkún díẹ̀ ní ìgbà yẹn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "O lè má sọ fún mi," ó ní. "Gbogbo ìgbà òtútù yìí, ohun tí mo ń rò nìyẹn. O lè má sọ fún mi, ǹ bá sì fẹ́ ọ láìmọ̀."

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà ìwọ́wé ọdún yẹn, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá Àgbà Bong fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lu ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìyá Yonhi wá láti Seoul, ó wà níbẹ̀ títí dé òpin, kò rẹ́rìn-ín. Mihyang kò wá.

Nígbà tí ìrántí Fọ́máànù Pyo kọ́kọ́ pé, Gwangsok wọ ilé ìdáná láàárọ̀. Ó jó ẹja àkọ́kọ́. Ó dín èkejì. Yonhi wà ní yàrá kejì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń kọ ọ̀rọ̀ opó kejì sílẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Nígbà tí Gwangsok ń to tábìlì, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

"Orí ẹja ò gbọdọ̀ kọjú síbẹ̀ yẹn," Yonhi wí. "Ìlà oòrùn ni orí ń kọjú sí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àwọn opó mẹ́ta. Mo ti kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gì. Ṣé o kì í kà á mọ́ ni?"

Kò fọwọ́ kan ẹja náà. Gwangsok yí i. Yonhi wò ó títí tó fi tọ́, ó sì tún ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Àgbà Bong kú ní ọdún 2014, àwọn opó méjì yòókù sì tẹ̀ lé e kí ọdún mẹ́rin tó pé. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ tó ni búlọ́ọ̀gì náà kéde pé àwọn ń kógbá wọlé, pé kí oníkálukú wá kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tọkọtaya náà fi kó o lọ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sísàlẹ̀ kò ṣeé kó. Gbogbo rẹ̀ lọ, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Àwòrán ẹgbẹ̀rin ó lé díẹ̀ ló kù, àti fídíò Fọ́máànù Pyo tó gùn tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá.